Nọ́ńbà Ara Ẹ́ńjìnnì Mi

Ọgbọ̀n ọdún ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi tún ọkọ̀ ṣe nílé kó tó wá bá mi ní Chicago. Níbí, aṣọ ibùsùn ló ń kó ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Des Plaines, torí gbogbo ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tó wọ̀ ló ń béèrè ìwé ẹ̀rí tí kò ní. Lọ́sẹ̀ kan, ó sọ fún mi pé tí oṣù bá parí tí nǹkan ò yí padà, òun á máa lọ sílé. Inú bí mi. Ta ló ń sá padà lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ? Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ̀rù ló ń bà mí, òun nìkan ni mo ní níbí.

Àsìkò yẹn náà ni ọkọ̀ àlòkù tí mo rà ń ṣe ségesège. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkùnrin ará Mexico tó ni ṣọ́ọ̀bù kan ní Albany Park bá mi ra sẹ́ńsọ̀, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni kò bá ẹ́ńjìnnì mu. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó dà bíi pé ẹ́ńjìnnì náà kọ́ ló bá ọkọ̀ wá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, Nigeria nìyẹn. Níbí, engine tó bá bá mọ́tò wá ló máa bá a kú."

Èmi nọ́ọ̀sì, kí ni mo mọ̀? Ẹnu ṣáá ni mo ní.

Láàárọ̀ Sátidé, ó tẹ̀ lé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà. Ó fi àkísà nu ibi tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí lára ẹ́ńjìnnì, ó tẹ́ bébà lé e, ó sì ń fi pẹ́ńsù ha á díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nílé tí wọ́n bá fẹ́ gba ìwé ọkọ̀. Ojú tì mí níwájú ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́tà àti nọ́ńbà yọ funfun lórí bébà.

"Wò ó. Tó bá jẹ́ ti America, number kan máa ń tẹ̀ lé lẹ́tà A tó gbẹ̀yìn yìí. Kò sí níbí. Ti Japan ni. Ẹnì kan ló ra tòkunbọ̀, tó gbé e sínú mọ́tò ẹ. Sọ fún un kó order ti Japan."

Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá lédè òyìnbó, ó sì lọ yẹ̀ ẹ́ wò lórí kọ̀ǹpútà. Ó pẹ́ níbẹ̀ kó tó padà wá, ó ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́rú, sẹ́ńsọ̀ ti Japan dé, ó sì wọlé wẹ́rẹ́. Ọ̀gá náà bi mí bóyá ẹ̀gbọ́n mi lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Mọ́ńdè. Ó ní ẹnu iṣẹ́ ni yóò ti ṣe ìdánwò ìwé ẹ̀rí.

Ẹ̀gbọ́n mi tó rán mi níléèwé wá ń wojú mi. "Ṣé kí n gbà á?"

Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ olóòróró yẹn pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.

"Ẹ gbà á, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ mọ́."