Páìpù Tó Gbé Imú Bàbá

Kò-Jò-Mọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe púlọ́ńbà náà, nítorí ohun tó máa ń wí nìyẹn tó bá ti dìde lábẹ́ síńkì, tó ń nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. Kì í tẹ káàdì ìpolówó. Ìnákúnàá ni lójú rẹ̀. Máákà dúdú kan ló ní, òun ló fi ń kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sára páìpù tó bá tún ṣe. Bí páìpù bá tún yọ wàhálà, onílé á bẹ̀rẹ̀, á kà á, á pè é. Máákà kan máa ń tó o lò fún odidi ọdún.

Fóònù tí wọ́n ń pè gan-an ló wá di aláìsàn. Ojú rẹ̀ ti fọ́, rọ́bà ló dì í mú. Ibi tí à ń gbé sétí ti kú, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá pè é, gbogbo ẹni tó wà nítòsí ló ń gbọ́ ọ. Àwòrán ò ṣí lórí rẹ̀ mọ́, àwọ̀ eérú lásán ló ń gbé wá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń gbé ní ìlú tó jìnnà, ní kí ọkọ òun ra òmíràn fún un.

"Fóònù mi le ju ti ọkọ ẹ lọ," ló fi dá a lóhùn. Kò fẹ́ kí àna máa gbọ́ bùkátà òun.

Nígbà tí ọmọ náà bímọ, tí àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, kò lè sọ mọ́ pé fóònù òun ò ṣí àwòrán. Bí eérú bá ti yọ, yóò fi ohùn ránṣẹ́ pé, "Mo rí i. Ó ń dàgbà. Imú mi ló gbé." Kò kúkú sí ẹni tí wọ́n bí nínú ilé wọn tí kò gbé imú náà.

Lọ́jọ́ kan, ó jókòó pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ra páìpù, ni eérú bá yọ. Ó ṣe bó ṣe máa ń ṣe: "Mo rí i, ọmọ mi. Ó rẹwà. Imú mi náà nìyẹn."

Kò pẹ́ tí fóònù dún.

"Bàámi, kí lẹ ní ó gbé imú yín?"

"Ọmọ náà ni."

"Páìpù abẹ́ síńkì wa ni mo fi ránṣẹ́. Ó ń jò. Mo fẹ́ bi yín bóyá kí n pe ẹlòmíràn ni."

Ẹni tó ń gé páìpù dá ayùn dúró. "Kò-Jò-Mọ́, ọ̀fìnkìn ló ń ṣe imú yẹn. Ẹ ní kí wọ́n bá a nù ún."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí ẹnì kan fi dì mọ́ àgbá omi. Ọmọ rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín.

"Bàámi, ṣé ẹ ò tíì rí ọmọ yìí rí ni?"

Ó ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa, ó pa fóònù pátápátá. Ojú tì í débi pé ó gbàgbé páìpù tó wá rà sórí bẹ́ǹṣì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wá fóònù lọ. Ó ti rò ó dáadáa: bí àwòrán bá ti ṣí, òun á pe ọmọ òun, òun á dárúkọ aṣọ tí ọmọ wọ̀, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ní fóònù tuntun, olówó pọ́ọ́kú. "Ìdajì owó ni, Bàbá. Kí ẹ ṣáà fi láìnì yín sílẹ̀, kí ẹ gba nọ́ńbà tuntun lọ́dọ̀ wa."

"Abẹ́ síńkì gbogbo àdúgbò ni nọ́ńbà mi wà. Ṣé ìwọ lo máa bá mi lọ pa á rẹ́?"

Ó kọjá sọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta àlòkù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ó yẹ fóònù kan wò bí ẹni ń yẹ ẹnu ẹ̀rọ omi wò: ó tẹ̀ ẹ́, ó yí i, ó gbé e sétí. Owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti èkíní.

"Ṣé káàdì mi á ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀?"

"Iléeṣẹ́ yòówù tí ẹ ń lò, á gbà á. Wọn ò tì í mọ́ láìnì iléeṣẹ́ kankan."

Ó sanwó. Obìnrin náà yọ káàdì láti inú ti àtijọ́, ó fi í sínú èyí tó rà. Láìnì gbéra. Kò-Jò-Mọ́ dúró, ó ń wojú fóònù.

"Àwòrán dà?"

"Àwòrán wo, Bàbá?"

"Ti ọmọ ọmọ mi. Ẹnu ẹ̀rọ ni mo pààrọ̀, mi ò pààrọ̀ páìpù. Ó yẹ kí omi máa wá."

Obìnrin náà rọra fèsì. "Nọ́ńbà yín nìkan ló wà nínú káàdì. Àwòrán tí fóònù yẹn ò lè gbà wọlé, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tún fi í ránṣẹ́."

Ohun tó fowó sá fún gan-an nìyẹn.

Àwòrán kan ṣoṣo ló wọlé, èyí tí ọmọ rẹ̀ tún fi ránṣẹ́ lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ ti pa fóònù. Páìpù abẹ́ síńkì ni. Omi ń kán níbi oríkèé rẹ̀, òkè ibẹ̀ gan-an sì ni nọ́ńbà tirẹ̀ wà, pẹ̀lú máákà dúdú. Òun ló ṣe é lọ́dún tí ọmọ rẹ̀ àti ọkọ rẹ̀ kó wọlé.

Ó jókòó sórí àga obìnrin náà láìjẹ́ pé ó fi lọ̀ ọ́. Ó tẹ bọ́tìnì tí wọ́n fi ń gba ohùn.

"Ọmọ mi, bàbá ẹ ni. Mi ò rí ọmọ náà rí. Fóònù mi ti bàjẹ́ kó tó dáyé, ojú ló ń tì mí. Jọ̀ọ́, tún fi àwòrán ẹ̀ ránṣẹ́. Páìpù yẹn náà, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni."

Ohùn ọmọ rẹ̀ wọlé, ọmọ kékeré kan ń ké nínú rẹ̀. "Mi ò fi nǹkan kan ránṣẹ́ mọ́, Bàámi. Ẹ wá wò ó. Kí ẹ mú sípánà yín dání."

Obìnrin náà, tó gbọ́ gbogbo rẹ̀, kọjú sí gíláàsì tó ń nù. Kò-Jò-Mọ́ gbé fóònù náà sétí, ó sì tún ọ̀rọ̀ náà gbọ́, lọ́tẹ̀ yìí fún etí tirẹ̀ nìkan.