Yanrìn Ẹnu Ọ̀nà Màmá

Lọ́jọ́ tí àpò ìrẹsì yẹn wọ ilé wa ní Ìlaròó, ọlọ́kadà tó gbé e wá kò tíì mu omi tí mo bù fún un tán tí àwọn aládùúgbò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Àsìkò tí wọ́n ti ẹnu bodè pa nìyẹn. Ìrẹsì tó ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí à ń fojú wá kiri, ẹni tó bá sì rí díẹ̀ rà, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń gbé e sí.

Ìyá kan tó ń gbé ilé tó dojú kọ tiwa gbé kóńgò rẹ̀ dání wá tààrà. Ó ní kí n má gbàgbé òun, pé òun kò ní kí n fún òun lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo ní, "Ìyá, yanrìn ni o."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, bí ẹ ò bá fẹ́ tà á, ẹ kúkú sọ."

Inú bí mi. Mo fi ọ̀bẹ ya ẹnu àpò náà lójú rẹ̀, mo bu yanrìn funfun kún kóńgò rẹ̀, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ó wo yanrìn, ó wò mí, ó dà á padà sínú àpò, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó kí mi dáadáa mọ́, àfi bíi pé èmi ni mo sọ ìrẹsì di yanrìn.

Ìyá ọkọ mi ló fi yanrìn náà ránṣẹ́ láti Kútọnu. Ọmọ Ìlaròó ni Màmá, ṣùgbọ́n láti ìgbà ọmọge ni wọ́n ti lọ ń ṣòwò ẹja yíyan ní Kútọnu, létí òkun gan-an. Ibẹ̀ ni wọ́n bí ọkọ mi sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin bàbá rẹ̀ sí. Bí Màmá bá ṣílẹ̀kùn, orí yanrìn ni ẹsẹ̀ wọn máa bà sí, òkun á sì máa pariwo lọ́ọ̀ọ́kán.

Awakọ̀ ni ọkọ mi, Ìlaròó sí Kútọnu ló ń ná. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀hún ló ti ń kírun, ọ̀dọ̀ Màmá ló sì ti ń jẹun ọ̀sán. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé èmi ni ìyàwó kejì, pé Màmá ni ìyáálé mi. Nígbà tí wọ́n wá ti bodè, mọ́tò dúró sábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé, àwọn ẹyẹ sì sọ ọ́ di ilé ìgbẹ́ wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ mi gba ọ̀nà inú igbó lọ lórí ọ̀kadà. Lẹ́ẹ̀kejì, tòun ti egbò lórúnkún ló padà dé. Màmá fúnra wọn ló bẹ̀ ẹ́ pé kó má wá mọ́, pé àwọn kò fẹ́ gbọ́ pé ìbọn ba ọmọ àwọn nítorí àwọn.

Bẹ́ẹ̀ ni ara Màmá kò yá. Ẹsẹ̀ wọn méjèèjì wú, èémí wọn kò sì gùn mọ́. Àbúrò wọn tí wọ́n jọ ń gbé ti lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Àbíjáàn, kò wá sí ẹni tó máa gbé omi kaná fún wọn. Ojoojúmọ́ ni ọkọ mi ń bẹ̀ wọ́n lórí fóònù.

"Màmá, bí wọ́n bá ti ṣí bodè báyìí, mo máa fi mọ́tò wá gbé yín. Ẹ máa bọ̀ nílé."

"Ìlaròó? Níbi tí kò sí òkun? Oorun kankan kì í kùn mí níbi tí n kò bá ti gbọ́ ìró omi."

Kì í ṣe àwàdà o. Nígbà tí mo bí àwọn ìbejì mi, Màmá wá bá wa wẹ ọmọ. Ojú wọn kì í kan oorun. Wọ́n á jókòó sójú wíńdò títí ilẹ̀ á fi mọ́, ojú wọn á pọ́n, wọ́n á sì máa jágbe mọ́ gbogbo wa, títí kan àwọn ọmọ jòjòló. Bí a ṣe sọmọ lórúkọ tán ni wọ́n di ẹrù wọn. Nítorí náà, nígbà tí Màmá sọ pé àwọn kò wá, mo mọ̀ pé wọn kò wá nìyẹn. Ọkọ mi náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pẹ̀lú pé bí ìyá òun bá dá wà ní ọ̀hún pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú yẹn, àwọn yóò pàdánù rẹ̀.

Ọkọ mi ní gíláàsì ńlá kan tó rà lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń kó ẹrù rẹ̀ lọ sílùú rẹ̀. Òyìnbó yẹn ń sin ẹja nínú rẹ̀ ni. Ní tèmi, ọjọ́ tó délé ni mo ti sọ ọ́ di ṣógíláàsì. Iwájú ilé ni mo gbé e sí, mò ń kó búrẹ́dì àti bisikíìtì tí mò ń tà sínú rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo jí tí mo bá búrẹ́dì mi lórí àga, tí gíláàsì ti wà nínú pálọ̀, tí Bàbá Ìbejì sì ń fọ̀ ọ́.

Mo ní, "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ẹja ni mo fẹ́ sìn. Ẹja inú òkun, nínú omi oníyọ̀."

"Ẹja! Nígbà tí àwa ènìyàn kò tíì rí jẹ?"

"Ti Màmá ni. Ìró omi ni wọ́n fẹ́ máa gbọ́. Ibi tí bẹ́ẹ̀dì wọn máa wà nìyí, gíláàsì á wà níbi orí wọn."

Mo ní kó má fi Màmá dí mi lẹ́nu. Ó fi dí mi lẹ́nu náà.

Nígbà tó sọ fún Màmá, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ikọ́. Wọ́n ní àwọn gbọ́, pé ọmọ àwọn fẹ́ gbé òkun wọ yàrá. Ṣùgbọ́n wọ́n ní bó bá jẹ́ pé òótọ́ ló fẹ́ ṣe é, kó má lọ bu yanrìn odò kan sínú rẹ̀ o, pé àwọn kò mọ yanrìn yẹn rí. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ àdúgbò wọn gbọ́n yanrìn ẹnu ọ̀nà wọn sínú àpò ìrẹsì, wọ́n sì wá ọlọ́kadà tó mọ ọ̀nà igbó. Bí fàyàwọ́ yanrìn ṣe wọ ilé wa nìyẹn.

Iwájú ilé ni ọkọ mi ti fọ yanrìn náà. Yóò bu díẹ̀ sínú bàsíà, yóò da omi lé e, yóò fọwọ́ rò ó, yóò da omi ìdọ̀tí nù, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ìkarahun wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀, egungun ẹja wà nínú rẹ̀, àti èédú kéékèèké láti ibi ààrò tí Màmá fi ń yan ẹja. Ó ṣa èédú yẹn jọ, ó tò wọ́n sójú wíńdò. N kò bi í léèrè ìdí rẹ̀, nítorí mo rí ojú rẹ̀.

Iyọ̀ ọbẹ̀ ló kọ́kọ́ fẹ́ pò mọ́ omi kànga. Ọkùnrin kan tó ń ta ẹja gíláàsì ní Èkó ló sọ fún un lórí fóònù pé kò gbọdọ̀ dán an wò, pé ẹja kò ní lè gbé inú rẹ̀. Ó bá kó kẹ́ẹ̀gì jọ, ó wọkọ̀ lọ sí Àgbádárìgì lọ pọn omi òkun. Ó sì ti gbàgbé irú ìlú tí a wà nígbà yẹn. Ìjọba kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé epo bẹntiróòlù sún mọ́ bodè mọ́, nítorí náà, kò sí kẹ́ẹ̀gì tí àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò máa rí tí wọn kò ní pè ní epo. Nígbà tó ń padà bọ̀, wọ́n dá ọkọ̀ wọn dúró kí wọ́n tó dé Òwódè. Ọkọ mi ní omi òkun ni. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ta ló ń ru omi òkun lọ sí Ìlaròó? Wọ́n ṣí i, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n ní bó bá jẹ́ omi lóòótọ́, kó mu nínú kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan lójú wọn. Ó sì mu ún.

Bó ṣe délé ló bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Mo po ògì fún un, mo ń bú àwọn tó fún un mu, mo ń bú òun náà tó mu ún, mo sì ń sunkún. Ètè rẹ̀ ti sán. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, wọn ò da omi náà nù. Gbogbo rẹ̀ ló pé."

Ó da yanrìn sísàlẹ̀ gíláàsì, ó da omi lé e, ó so pọ́ńpù tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi mọ́ iná. Ọkùnrin ará Èkó ti kìlọ̀ pé kó má tíì fi ẹja sínú rẹ̀, pé omi tuntun máa ń pa ẹja, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbó. A wá jókòó, à ń wo omi lásán. Nígbà tó yá, ohun kan tó dà bí ìdọ̀tí bo ara gíláàsì àti yanrìn. Mo ní, "Òkun yín ti ń rà o." Ó ní bó ṣe ń ṣe nìyẹn, pé kí n fọkàn balẹ̀.

Bó bá ti pe Màmá, á gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì. "Màmá, ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́. Ta ló gbé ọbẹ̀ kaná?"

Àwa méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó sú òun. Ó yí pọ́ńpù sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó fi òkúta gbé e sókè kí omi lè máa já bọ́ sórí omi. Ó tún gbé fóònù sí i. Lọ́jọ́ kan, Màmá ní kó gbé fóònù sún mọ́ omi dáadáa, wọ́n sì fetí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ pé, "Ó ti ń jọ ọ́ díẹ̀. Ó dáa. Bí wọ́n bá ṣí i, wá gbé mi."

Inú ọkọ mi dùn débi tó fi jáde lọ fọ ìgbẹ́ ẹyẹ kúrò lára mọ́tò. A ra bẹ́ẹ̀dì kékeré. Wọ́n bá a wá ẹja wẹ́wẹ́ méjì láti Àgbádárìgì, nínú ọ̀rá omi, àwọn abilà dúdú tí kò tóbi ju ìka lọ. Wọn kò kú. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn láàárọ̀, nígbà tí kò bá sí ẹni tó ń wò mí.

Ohun kan ṣoṣo tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin wa ni jẹnẹrétọ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ, pọ́ńpù á dákẹ́, Bàbá Ìbejì á sì sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀ fún ẹja ní ọ̀sán gangan, nígbà tí epo ti di ohun tí à ń rìn jìnnà wá. Mo sọ fún un pé èmi kò ní fọwọ́ kan jẹnẹrétọ̀ yẹn láé nítorí ẹja. N kò sì fọwọ́ kàn án.

Wọn kò ṣí bodè. Àrùn kòrónà ló dé, ẹlẹ́sẹ̀ pàápàá kò gbọdọ̀ kọjá mọ́, àwọn ọlọ́kadà tó mọ ọ̀nà igbó sì jókòó sílé. Àárín ìgbà yẹn ni aládùúgbò Màmá pè wá láàárọ̀ kùtù. Màmá kò jí.

Mùsùlùmí ni wá, a kì í fi òkú pamọ́. Ṣáájú ìrun ọ̀sán ni wọ́n máa sin wọ́n. Ọkọ mi wọ bàtà, ó wọ mọ́tò tó fọ̀ sílẹ̀ de Màmá, ó sì lọ. Kò rí ibì kan kọjá sí. Ó ní ṣọ́jà kan bá òun kẹ́dùn gidigidi, ó tilẹ̀ pe òun ní Dádì, ṣùgbọ́n kò gbé igi tó dí ọ̀nà náà kúrò.

Ìgbà tó padà wọlé, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kékeré yẹn. Aládùúgbò Màmá tún pè, ó ní àwọn ti kírun sí wọn lára, pé àwọn ti wà ní ìtẹ́ òkú, kí ọmọ wọn lè gbọ́. Aládùúgbò náà gbé fóònù tirẹ̀ sókè. A gbọ́ ohùn àwọn ọkùnrin, a gbọ́ ṣọ́bìrì, a gbọ́ afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, a gbọ́ òkun, ó ń pariwo gan-an. Kò jọ pọ́ńpù wa rárá. Fóònù sì já.

Lọ́dọ̀ tiwa, bí wọ́n bá ti gbé òkú sínú sàréè, àwọn tó dúró yí i ká á bu yèèpẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lé e. Ọmọ bíbí inú ló yẹ kó ṣáájú. Màmá kò sì ní ọmọ mìíràn.

Ọkọ mi dìde. Ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó ki ọwọ́ bọ inú gíláàsì títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ó bu yanrìn ẹnu ọ̀nà Màmá, ó gbé e sókè nínú omi, ó sì jẹ́ kó máa dà sílẹ̀ láàrin ìka rẹ̀. Ó tún bù ú. Ó tún bù ú. Ẹnu rẹ̀ ń mì, n kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Omi dàrú, àwọn ẹja méjèèjì sá sí kọ̀rọ̀. Ó dúró síbẹ̀, omi ń kán láti apá rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo yanrìn bó ṣe ń rọra balẹ̀.

Ibẹ̀ la wà tí wọ́n fi mú iná lọ. Pọ́ńpù dákẹ́. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́, kò sí ìró omi níbì kankan. Ọkọ mi gbójú sókè wò mí bí ọmọdé, kò sì lè kúrò níbi tó dúró sí.

Mo gbé kẹ́ẹ̀gì epo lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo jáde lọ tan jẹnẹrétọ̀.