Ògiri Tí Mo Pè Ní Búlọ́ọ̀kù

Ìyàwó mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun ṣe àlùwàlá. Láti ìgbà tí àìsàn rọpá-rọsẹ̀ ti mú un, tí apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti di ohun tó ń wọ́ tẹ̀lé ara rẹ̀, ọmọbìnrin wa máa ń ti ilé ọkọ rẹ̀ wá láràárọ̀ láti wẹ̀ ẹ́. Ó gbà fún un. Ó gbà kí a máa wọṣọ fún òun, kí a máa gé ẹran wẹ́wẹ́ sínú àwo òun. Àlùwàlá nìkan ni kò gbà.

Ọmọ náà na ọwọ́ sí omi lọ́jọ́ kan, ìyá rẹ̀ sì dá a dúró. "Ìwẹ̀ jẹ́ ti ara, máa wẹ̀ mí. Èyí jẹ́ tèmi àti Ọlọ́run. Ọjọ́ tí ẹlòmíràn bá ń ṣe é fún mi, òkú ni wọ́n ń wẹ̀ yẹn."

Ẹni tó bá ti fi kẹ́tù ṣe àlùwàlá rí mọ̀ pé ọwọ́ méjì niṣẹ́ náà gbà: ọ̀kan ń da omi, èkejì ń gbà á. Ọwọ́ kan kò lè ṣe é. Ṣùgbọ́n làfábò wà ní ilé ìwẹ̀ wa. Làfábò ni àwa ará Niamey ń pe àwo ìfọwọ́ funfun tó ní ẹ̀rọ omi lórí, tó máa ń fẹ̀yìn ti ògiri. Ìyàwó mi á gbé ìgbọ̀nwọ́ òsì rẹ̀ lé etí àwo náà, á fi gbogbo ara tì í, á wá fi ọwọ́ ọ̀tún gba omi. Ẹnu, imú, ojú, apá, orí. Bó bá ku ẹsẹ̀, á jókòó sórí àpótí, á ti ẹsẹ̀ bọ inú abọ́ omi. Ó máa ń pẹ́, bí ìgbà tí ọmọ kékeré bá ń kọ orúkọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń dúró sí. N kì í wọlé bí kò bá pè mí, kì í sì í pè mí.

Ní ìgbà ooru, làfábò náà là. Ìlà tín-ín-rín kan ti wà lábẹ́ rẹ̀ tipẹ́, mo sì ti fi simẹ́ńtì funfun dí i lẹ́ẹ̀mejì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìdajì rẹ̀ wà lórí òpó tó jẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ìdajì kejì wà nílẹ̀. Ìyàwó mi padà sórí kẹ́tù. Ó há a sáàárín orúnkún, ó gbé e lé àpótí, ó fi àgbọ̀n tì í. Aṣọ rẹ̀ ni gbogbo omi náà ń dà sí. Ní ọjọ́ kẹta mo gbọ́ tó ń sunkún nínú ilé ìwẹ̀. Ọjọ́ tí àìsàn mú un gan-an, kò sunkún.

Mo pe pulọ́ńbà kan, ó sọ iye tí yóò gbà, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó wá. Lẹ́yìn tó lọ, mo mú bébà, mo fa ìlà sí i, mo sì kọ iṣẹ́ náà lẹ́sẹẹsẹ, láti orí ọ̀kan dé orí mẹ́rìnlá: pa omi láti ìta, gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ páìpù, tú nọ́ọ̀tì, wọn ibi tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ máa dé. Bí mo ṣe ń ṣe nìyẹn ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Ohun tí a bá kọ nọ́ńbà sí kì í sọnù.

Ìyàwó mi gba bébà náà, ó kà á láti òkè délẹ̀. "Ó dára o, Bàbá wọn. Ta ló máa máàkì rẹ̀?"

"Ìwọ ni."

"Ọwọ́ mi le o. Ẹ mọ̀."

Mo wọ takisí lọ sí Katako, níbi tí wọ́n ti ń ta pákó àti àlòkù oríṣiríṣi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan wà níbẹ̀ tó ń ta ohun tí wọ́n bá tú kúrò nínú ilé tí wọ́n wó. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá tèmi náà ti wá ta aṣọ ní àdúgbò Zongo kí wọ́n tó bí mi, nítorí náà ọkùnrin náà máa ń pè mí ní bàbá, a sì jọ máa ń ṣeré.

"Ta ló fọ́ ọ, Tíṣà? Ọmọ ilé-ìwé?"

"Ọjọ́ orí ló fọ́ ọ."

"Pulọ́ńbà wo ló máa bá yín gbé e?"

"Èmi ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri ìsọ̀ rẹ̀ mú. "Háà! Ẹ jẹ chọ́ọ̀kì tán, ó wá ku páìpù! Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ jẹ́ kí ọmọ àwọn pulọ́ńbà náà rí oúnjẹ jẹ."

Ó gbé méjì síta. Ọ̀kan ní ẹsẹ̀ bíi ti wa àtijọ́, èkejì kò ní ẹsẹ̀. Bóòtì méjì ni wọ́n fi ń gbé e kọ́ ògiri. Èyí tí kò ní ẹsẹ̀ ni owó mi ká. Etí rẹ̀ ti fọ́ díẹ̀ níbi kan, ṣùgbọ́n ó mọ́.

"Ògiri yín ńkọ́?" ọkùnrin náà bi mí. "Amọ̀ àbí búlọ́ọ̀kù?"

"Búlọ́ọ̀kù ni."

"Ó dá yín lójú? Bó bá jẹ́ amọ̀, ẹ má gbé e kọ́ o. Ẹ fi díẹ̀ lé owó yìí, kí ẹ gba ẹlẹ́sẹ̀. Ilẹ̀ ló ń gbé ìyẹn, kì í ṣe ògiri. Ẹ lè mú ìyókù wá lóṣù tó ń bọ̀."

"Mo ní búlọ́ọ̀kù ni." Ohùn tí mo fi ń pa ọmọ tó bá ń jiyàn ní kíláàsì lẹ́nu mọ́ ni mo fi sọ ọ́.

"Ẹ má bínú, bàbá."

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ibí yìí dáadáa. Amọ̀ ni ilé wa ní Gamkalley, bíi ti ọ̀pọ̀ ilé ní àdúgbò náà. Nígbà tí mo rí owó díẹ̀, mo ní kí wọ́n fi simẹ́ńtì rẹ́ ẹ nínú àti lóde, wọ́n sì kùn ún. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó lè mọ̀. Bí àwọn ẹbí bá ti ilé wá, wọ́n á fọwọ́ gbá ògiri, wọ́n á ní, "O ṣe gudugudu méje, o kọ́ búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ àjèjì." N kò tún un ṣe fún wọn rí, èmi tí n kì í jẹ́ kí àṣìṣe ọmọdé kọjá lọ. Báwo ni n ó ṣe sọ fún ará Ògbómọ̀ṣọ́ pé mo lo gbogbo ayé mi ní ìlú òkèèrè, inú ilé amọ̀ ni mo sì ń sùn? Ẹni tó bá sọ nǹkan fún ọgbọ̀n ọdún, etí tirẹ̀ náà á ti gbà á gbọ́. N kò ronú kí n tó dá ọkùnrin yẹn lóhùn. Mo kàn sọ ohun tí mo ti máa ń sọ.

Ẹsẹ̀ làfábò àtijọ́ náà, mo rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni, tí wọ́n fi ń bo páìpù.

Mo tẹ̀lé bébà mi. Mo yá dírìlì lọ́wọ́ aládùúgbò. Ó kọ́kọ́ le níbi simẹ́ńtì, eruku aláwọ̀ eérú sì jáde. Lẹ́yìn náà dírìlì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ iṣu sísè, eruku pupa sì dà sí mi lọ́wọ́. Mo rí i. Mo wo ọwọ́ mi, mo nù ún mára ṣòkòtò, mo sì ní inú mi dùn pé iṣẹ́ náà rọrùn. Mo rọ simẹ́ńtì sínú ihò, mo ti bóòtì bọ̀ ọ́, mo fún un ní ọjọ́ méjì kó gbẹ. Mo wé téèpù funfun mọ́ ẹnu páìpù kí omi má baà jò. Nígbà tí mo ṣí omi, kò sí ẹ̀kán kan tó bọ́ sílẹ̀.

Ìyàwó mi gbé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ lé e. Ó wà níbi tí mo wọ̀n sí gẹ́lẹ́. Ó ṣe àlùwàlá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì pè mí láti inú ilé ìwẹ̀: "Mẹ́rìndínlógún nínú ogún!"

"Níbo ni mẹ́rin yòókù lọ?"

"Etí rẹ̀ fọ́."

Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi lò ó. Ní ọjọ́ kejìlá, bí ìrun Àìlà ti ń súnmọ́, mo wà ní ibi tí mo máa ń dúró sí. Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ kò pariwo. Ó dà bí ìgbà tí àpò gààrí bá ya. Lẹ́yìn náà ni àwo náà fọ́ sílẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ń sọ pé làfábò já. Kò já. Bóòtì méjèèjì ṣì wà nínú simẹ́ńtì tí mo rọ, kò sì mì. Ògiri ló tú, tó pọ simẹ́ńtì náà jáde.

Ìyàwó mi wà nílẹ̀ lórí ìhà ọ̀tún rẹ̀, omi ń tú sí i lára. Ó wo ihò tó wà lára ògiri kí ó tó wò mí.

Egungun ìbàdí rẹ̀ ló ṣẹ́. Dókítà ní ara rẹ̀ kò lè gba iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì dá wa padà sílé pé kó máa dùbúlẹ̀. Kò lè dìde, kò lè jókòó, bí a bá fẹ́ yí i padà, á ké. Ọmọ wa bu omi wá síbi ibùsùn, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun bá a ṣe é. Ìyá rẹ̀ yí ojú sí ògiri. Àlùfáà tó wá kí i sọ fún un pé aláìsàn lè ṣe tayamọ́mù, kó fi erùpẹ̀ mímọ́ dípò omi. Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, ó pè mí.

"Bàbá wọn. Kí lẹ sọ fún ẹni tó tà á fún yín pé ògiri wa jẹ́?"

Mo ní, "Búlọ́ọ̀kù ni."

"Hm. Ẹ̀yin tí ẹ fi gbogbo ayé yín fa ìlà pupa sábẹ́ àṣìṣe ọmọ ọlọ́mọ."

Kò bínú. Ì bá sàn bó bá bínú.

"Èmi ni mo ru omi tí wọ́n fi po amọ̀ yẹn," ó wí. "Láti odò. Oyún ọmọ yìí wà nínú mi. N kò pè é ní búlọ́ọ̀kù fún ẹnì kankan rí." Ó mí. "Ẹ lọ bù ú wá nínú ihò ògiri yẹn. Èyí tó jìn sínú, tí omi kò kàn. Gbogbo ìta yìí, ẹran ti yàgbẹ́ sí i."

Mo ti ọwọ́ bọ inú ihò náà títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ó gbẹ níbẹ̀, ó sì tutù. Mo bù ú sórí tíréè, mo fi asẹ́ jọ̀ ọ́, mo ṣa kóríko inú rẹ̀ kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Mo jáde, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan lu erùpẹ̀ náà, ó fi pa ojú. Ó tún lù ú, ó fi pa ọwọ́ òsì tó ti kú. Ó ku ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún, tí kò sí ọwọ́ mìíràn tó lè pa á. Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan wọlé kí n tó mọ̀. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún náà lé orí èyí tó ti kú, ó dojú ẹ̀yìn rẹ̀ délẹ̀, ó sì ń wọ́ ọ lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láti orí ìka dé ọrùn ọwọ́.

Mo fa ẹsẹ̀ mi padà. Kò pè mí.