Ìsìn Aago Mẹ́jọ Pauline Tapsell

Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ òun wọ ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn ọmọbìnrin tí ìjọ Áńgílíkà dá sílẹ̀ ní Deptford, orúnkún rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì dáadáa. Fíkà, àlùfáà tó ń ṣolórí ìjọ, ni yóò jẹ́rìí fún un. Bí Fíkà bá ní òun ò rí ọ, o ò wá nìyẹn, àfi kí ọmọ rẹ kọrí sí ilé ìwé ìjọba tó wà lẹ́yìn ojú irin.

Èmi àti Pauline Tapsell jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná ilé ẹ̀kọ́ náà ni. Òun ló ń bu oúnjẹ fún àwọn ọmọ. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn garawa ìdọ̀tí, ni gbogbo wa ń gbà wọlé.

"Gemma tèmi á gba ẹnu ọ̀nà iwájú," ló máa ń wí. "Á wọ kóòtù ilé ìwé aláwọ̀ ewé yẹn, á na àwo sí mi, màá sì bu kọ́sítádì fún un títí á fi kún dé etí."

Kì í ṣe ẹnu lásán. Láti ìgbà tí Gemma ti wà lọ́mọ ọwọ́ ni ìyá rẹ̀ ti ń gbé e lọ sí ìsìn aago mẹ́jọ lọ́jọ́ Ìsinmi, torí tó bá fi máa di aago mẹ́sàn-án, ó gbọ́dọ̀ ti wà nílé àwọn arúgbó tó ń tọ́jú. Ìsìn aago mẹ́jọ ò lórin, kò sì sí tíì mímu lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn àgbà mélòó kan tó ń wúkọ́ ló ń wá, Àlùfáà Beddoes tó ti fẹ̀yìn tì ló sì ń darí wọn. Fíkà Lomax fúnra rẹ̀ ṣì ń sùn nígbà yẹn.

"Pauline, jọ̀ọ́, máa jẹ́ kí Fíkà rí ojú ẹ ní ìsìn tiẹ̀ ní aago mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan," mo wí.

"Fíkà kẹ̀? Ṣé òun ni mò ń sìn ni? Ọlọ́run ò rí mi ni?"

Mo ní Ọlọ́run ò sí nínú ìgbìmọ̀ ilé ìwé. Ó bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọmọ tiwọn náà tó wọ girama ni àwọn Farrant kó dé ìsìn aago mẹ́wàá. Lọ́yà ni ọkọ. Kò pẹ́ tó fi ń ka Bíbélì níwájú ìjọ. Ìyàwó ń ṣe kéèkì wá. Imogen, ọmọ wọn, ń gbé àbẹ́là. Bí ẹ bá rí wọn, ẹ ó rò pé inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n bí wọn sí.

Nígbà òtútù ọdún náà, Àlùfáà Beddoes kú, àwọn àlùfáà àlejò ló sì wá ń darí ìsìn aago mẹ́jọ. Kí ooru tó dé, èsì ìgbaniwọlé jáde. Imogen wọlé. Gemma ò wọlé.

Pauline ò bọ́ épírọ́ọ̀nù kó tó lọ bá Fíkà.

"Ẹ má bínú, Ìyáàfin Tapsell. A ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ẹ ò mọ̀ mí? Aago mẹ́jọ ni mo máa ń wá, Fíkà. Àga ẹ̀gbẹ́ òpó, níbi tí òrùlé ti ń jò."

"Háà. Àlùfáà Beddoes ló mọ àwọn ti aago mẹ́jọ."

"Àlùfáà Beddoes ti kú! Ẹ̀yin náà lẹ sin ín."

"Ẹni rere ni," Fíkà wí. Ó ní àyè ti kún, àmọ́ òun á máa rántí Gemma nínú àdúrà.

Àdúrà! Inú bí mi débi pé kọ́sítádì jóná mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà.

Oṣù Kẹsàn-án dé. Imogen wọ kóòtù aláwọ̀ ewé, ó na àwo sí Pauline. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kábéèjì sí i." Pauline ò fi sí i. Ká ní èmi ni, kábéèjì nìkan ni ì bá jẹ lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ Sátidé, níwájú ṣọ́ọ̀bù alápatà, mo fetí ara mi gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀: "A ti wá ń rójú sùn lọ́jọ́ Ìsinmi báyìí, ọpẹ́ ni!"

Ní Ọjọ́ Ajé, Pauline ń fọ páànù tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé.

"Mo jí Gemma láná pé ká máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fa kúbùsù borí. Ó ní, 'Kí la tún ń wá lọ síbẹ̀, Mọ́mì? Àyè ṣáà ti tán.' Mo ní àyè wo? Ó ní, 'Ti ilé ìwé. Ṣebí torí ẹ̀ la ṣe ń lọ? Àwọn Farrant kàn mọ̀ ọ́n ṣe jù wá lọ ni.'"

"Kí lo wá sọ fún un?"

"Mo fẹ́ sọ pé irọ́ ni. Mo kàn wọ bàtà mi."

"O wá lọ?"

"Èmi nìkan. Mo kúnlẹ̀ síbi tí mo máa ń kúnlẹ̀ sí. Mi ò mọ ohun tí mo wá ṣe níbẹ̀ mọ́."

Agogo oúnjẹ ọ̀sán dún. Ó nu ọwọ́, ó mú ìgbakọ, ó lọ dúró síbi tí àwọn ọmọ ti ń na àwo.