Ọjọ́ tí Alfreda Bẹ Béárì

Ní Hoonah, ìlú etíkun kan nílẹ̀ olótùútù, kò sẹ́ni tí Alfreda ò tíì bú rí. Ó bú àlùfáà, ó bú òjò, ó bú àwọn ẹ̀ṣọ́ ìjọba tó ń ṣọ́ ilẹ̀ igbó tí òkè yìnyín gbẹ́ jáde fáwọn baba ńlá rẹ̀. Bó bá bú èèyàn tán, inú rẹ̀ á rọ̀, á bu ọbẹ̀ ẹja fún un. Béárì nìkan ni kì í bú, torí béárì ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ nípa rẹ̀, ì báà wà lẹ́yìn òkè méje. A ò wá mọ ohun tó gùn ún lọ́jọ́ tí béárì fọ́ ahéré tó ti ń yan ẹja. Ó dúró ní èbúté níṣojú gbogbo ayé, ó ní, "Olè onírun, alájẹkì."

Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti bọ́ sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó fẹ́ lọ ká èso pupa tó ń hù nítòsí òkè yìnyín. Èso yẹn ni Wendell, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ṣaláìsí, fẹ́ràn jù, àsè ìrántí rẹ̀ ò sì lè pé láìsí i. Ẹnu Alfreda náà ló tú òun àti Wendell ká. Wendell wá kanlẹ̀kùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ilẹ̀kùn ò ṣí; wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí ọkùnrin náà fi kú.

Kò sẹ́ni tó gbà láti bá a lọ àfi Elwood, ọkọ rẹ̀. Bí ọkọ̀ ojú omi wọn ṣe ń lọ, ògiri yìnyín wó sómi, àbùùbùtán tú omi sókè. Alfreda bú àwọn méjèèjì pé ariwo wọn pọ̀ jù.

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, Elwood ò sọ̀ kalẹ̀.

"Ṣé o ò ní bá mi ká a ni?"

"Ìdílé yín ló ni béárì, ẹbí ni yín. Àna lèmi. Àna kì í dá sọ́rọ̀ ẹbí."

"Ojo."

Korobá tí Alfreda ń ká èso sí kù díẹ̀ kó kún nígbà tí béárì ńlá kan yọ nínú igbó, ó ń bọ̀ tààrà. Elwood ti tan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú," ni Alfreda wí fún béárì. "Ẹnu mi ló sọ ọ́, kò dénú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èso yìí sílẹ̀ fún mi."

Elwood ò gbọ́ irú ẹ̀ rí látọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ. Ó ti ń to bó ṣe máa ròyìn rẹ̀ ní èbúté lọ́kàn.

Béárì gbóòórùn korobá, ó wo obìnrin náà, ó yípadà, ó wọgbó.

"Ó ti lọ o. Máa bọ̀."

Alfreda ò mira. Igbó tó ṣófo ló ń wò.

"Mo gbọ́ nígbà tẹ́ ẹ kanlẹ̀kùn," ló ń wí. "Mo wà nílé. Mi ò kàn ṣí i ni. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí."

Elwood pa ẹ́ńjìnnì kí ìyàwó rẹ̀ lè sọ ọ́ tán.