Àpò Méjì Lẹ́nu Géètì

Bí mo ti ń kọ ìwé yìí, ọkùnrin tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ onílé ní àdúgbò wa nígbà náà ṣì wà láàyè, ìyàwó rẹ̀ náà sì wà. Ó dára bẹ́ẹ̀. N kì í fẹ́ kọ̀wé nípa òkú. Òkú kì í kàwé.

Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ni mo kọ́lé sí ní Lotto, ní Mowe. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo rà á, lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, ẹni tó tà á fún mi kò sì sọ pé ojú ọ̀nà omi ni. Gọ́tà kan wá láti orí òkè, ó gba iwájú ilé Alága kọjá, ó dé iwájú ilé mi, ó ṣẹ́ kọ́nà. Níbi kọ́nà yẹn ni gbogbo ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àdúgbò ti ń ṣèpàdé. Bí òjò bá ti rọ̀, wọn a dí gọ́tà pa, omi a sì yà wọ pálọ̀ mi láìkan ilẹ̀kùn. Kápẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọmọ mi rà fún mi jẹrà mọ́ ilẹ̀. Àga tí ọkọ mi fi sílẹ̀ wú lẹ́sẹ̀ bí aláìsàn.

Òjò ni agbálẹ̀ àwọn ará àdúgbò wa. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, ẹ ó rí wọn tí wọ́n gbé garawa ìdọ̀tí dání lẹ́nu gọ́tà, bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Bí àgbàrá bá ti ń ṣàn, wọn a dà á sí i, wọn a gbọn ọwọ́, wọn a wọlé.

“Omi ti gbé e lọ.”

Ibo ló gbé e lọ? Kò sẹ́ni tó bèèrè. Ọ̀dọ̀ mi ni.

Èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ àpò méjì dé ìpàdé onílé. Mo ti rí ọkùnrin kan ní Ifọ̀ tó ń yọ́ ọ̀rá àti ike láti fi ṣe búta àti garawa. Ètò náà kò le. Ilé kọ̀ọ̀kan yóò ní àpò ìrẹsì méjì. Ọ̀kan wà fún ọ̀rá, ike àti agolo. Ẹ ó ṣàn wọ́n, ẹ ó sá wọn gbẹ, nítorí ará Ifọ̀ kò gba ọ̀rá tútù. Èkejì wà fún èèpo iṣu àti gbogbo ohun tó ń jẹrà. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, méjèèjì yóò jókòó sẹ́nu géètì. Ọkọ̀ ará Ifọ̀ yóò kó ti àkọ́kọ́, ọlọ́mọlanke yóò kó èkejì lọ sí ààtàn.

Alága rẹ́rìn-ín músẹ́. “Mummy, ṣé ẹ fẹ́ ká máa fọ ìdọ̀tí ni? Ṣé a ó tún máa lọ̀ ọ́?”

Gbogbo ìpàdé bú sẹ́rìn-ín.

“Alága,” ni mo fèsì, “kápẹ́ẹ̀tì mi ni èmi ń fọ̀ ní gbogbo ìgbà tí òjò bá rọ̀. Ẹ jẹ́ ká pín iṣẹ́ náà.”

Wọ́n gbà. Bí wọ́n ti gbà tán ni Alága dìde, ó ní Ọlọ́run ti fi ètò yìí sí òun lọ́kàn láti ọjọ́ pípẹ́. N kò mọ̀ pé èmi ni Ọlọ́run.

Ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, àpò èèpo iṣu kún dẹ́nu, àpò ike sì ṣófo. Mo gbàgbé pé nínú ilé Yorùbá, kò sẹ́ni tó ń sọ ike nù. Mo lọ bá obìnrin tó ń ta ẹ̀pà ní òdìkejì ilé mi.

“Ìyá,” ló wí, “tí mo bá kó ike fún ará Ifọ̀, ṣé inú àtẹ́lẹwọ́ ni n ó máa bu ẹ̀pà sí?”

Mo tọ́ka sí èyí tó wà lójú fèrèsé rẹ̀.

“Èyí? Omi àdúrà láti Kámpù ló wà nínú rẹ̀ rí! Kí n gbé e síta kí ọ̀tá wá he é?”

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n jí àwọn àpò náà gbé. Àpò ìrẹsì tó mọ́ ni, ó dára láti di gààrí. A ní láti fi ọ̀bẹ dá ihò sí wọn lára kí wọ́n má wúlò fún olè.

Síbẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ọ̀rá bẹ̀rẹ̀ sí wọ àpò. Ti ilé Alága ló lẹ́wà jù. Ọ̀rá inú rẹ̀ tò bí aṣọ inú àpótí. Ìyàwó rẹ̀ a sì máa fi ṣe ìwàásù fún wa.

“Ẹ wo tiwa. Ìmọ́tótó kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé kíkà.” Èmi ló ń wò bó ti ń sọ ọ́.

Omi kò sì yé wọ pálọ̀ mi. Nígbà tí mo ṣàròyé fún wọn, Alága ní kì í ṣe ọ̀rá mọ́, pé ilé mi ló rẹlẹ̀ jù, kí n wó o kí n tún un kọ́.

Nígbà náà ló ṣe ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún. Ó tẹ ojú ara rẹ̀ sára ọ̀rá tí wọn yóò fi kó ẹ̀bùn fún àlejò. Ṣùgbọ́n ọjọ́ náà bọ́ sí ọjọ́ ìsọjí ńlá ní Kámpù, ọ̀nà dí, ọ̀pọ̀ àlejò kò dé, ọ̀rá sì ṣẹ́ kù rẹpẹtẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, òjò ṣú. Mo wọ bàtà òjò, mo mú réèkì, mo lọ dúró ní kọ́nà gọ́tà títí àgbàrá fi dé. Ojú Alága ló kọ́kọ́ ṣàn dé. Ó dé fìlà, ó ń rẹ́rìn-ín. Kí n tó wọ́ ọ jáde, Alága mìíràn ti dé, òmíràn tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni odindi ìdì kan tí wọn kò tíì tú okùn tí wọ́n fi dì í. Ọ̀kan tiẹ̀ yí padà, ó dojú bolẹ̀ níwájú mi. Mo ju ọkùnrin náà lọ lọ́jọ́ orí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa dọ̀bálẹ̀ kí mi.

Mo kó wọn, mo ṣàn wọ́n gẹ́gẹ́ bí ètò wa, mo sì sá wọn sórí okùn aṣọ mi, mo kọjú wọn sí títì. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló ń dúró. Obìnrin ẹlẹ́pà kúnlẹ̀ fún okùn aṣọ.

“Ẹ káàárọ̀ sà, Alága. Ẹ kú òtútù o.”

Kò pẹ́ tí Alága gidi fi dé.

“Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká àwọn nǹkan wọ̀nyí.”

“Nǹkan wo? Ọ̀rá ni mo ń sá. Ará Ifọ̀ kò gba tútù.”

“Ẹ tiẹ̀ yí i kó kọjú sílé.”

“Mo ti rí i tó nínú pálọ̀ mi.”

“Kì í ṣe èmi ni mo dà á, mà. Ìyàwó mi ni.”

Ìyàwó náà ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. “Afẹ́fẹ́ ló gbé e!”

“Afẹ́fẹ́ náà ló kó o jọ, tó tún fi okùn dì í?”

Mo sọ fún wọn pé bí wọ́n bá fi ọwọ́ ara wọn kó gọ́tà, láti iwájú ilé wọn dé kọ́nà mi, n ó ká Alága kúrò lórí okùn. Ní ọjọ́ Ajé, ọkọ wọ ṣòkòtò péńpé, ìyàwó ró ìró àgbékọ́, wọ́n gbé ṣọ́bìrì. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń tọ́ ọ̀nà fún wọn.

“Ó kù díẹ̀ lábẹ́ pákó yẹn, Alága.”

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà òjò ńlá rọ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ sórí àga, mo ń retí omi. Mo gbọ́ ọ tó ń hó lọ níta. Mo retí títí, mo sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀, mo sọ èkejì. Ilẹ̀ gbẹ.

Ìyàwó Alága kò kí mi mọ́ láti ìgbà náà. Gbogbo ọdún tó fi ń kí mi, ìkíni rẹ̀ kò mú kápẹ́ẹ̀tì kankan gbẹ rí.