Ọmọ Mi Ń Sùn Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn Ẹlòmíràn

Ní ẹ̀ẹ̀rùn kan ní Inísà, nígbà tí òmìnira kò tíì pẹ́, ojoojúmọ́ ni ọmọbìnrin mi máa ń ká ẹní rẹ̀ nírọ̀lẹ́, tí yóò fi há abíyá, tí yóò sì sọdá lọ sùn sí ilé aládùúgbò wa. Ọmọ ọdún méje ni. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá wò ó títí yóò fi wọlé, lẹ́yìn náà màá gbọ́ bí wọ́n ti ń yí kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: kà, kà. Ìró yẹn máa ń gún mi láyà.

Olè ló fà á. Wọ́n ti fọ́ ilé télọ̀ kan ní Òkukù, wọ́n sì gbé máṣíìnì rẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n tún fi wọ ilé kan lẹ́yìn ọjà tiwa. Ilẹ̀kùn mi kò ní ju ìkọ́ kan àti igi ìdábùú lọ. Ti aládùúgbò wa yàtọ̀. Kùmásí ló ti dé, ó kọ́ ilé onípáànù, ó sì kan lọ́ọ̀kì mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ nínú: àpótí irin pẹlẹbẹ tí ahọ́n rẹ̀ ń wọ inú òpó ilẹ̀kùn bí èèyàn bá yí kọ́kọ́rọ́. Òun ló ní kí àwọn ọmọ wa máa wá sùn lọ́dọ̀ òun títí ìlú yóò fi tòrò. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sùn níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó sunkún padà wá bá ìyá rẹ̀. Ọmọbìnrin mi ń lọ ní tirẹ̀.

“Tíṣà,” ni aládùúgbò wa á pè mí láàárọ̀, “ọmọ wa sùn dáadáa o.”

“Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n.”

“Ìwọ ńkọ́? Ṣé olè jẹ́ kí o sùn?”

Á rẹ́rìn-ín, èmi náà á sì rẹ́rìn-ín. Ọmọ wa! Èmi ni mo gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ sí dísípẹ́ńsárì Ìkìrun nígbà tí ibà fẹ́ mú un lọ. Nísinsìnyí, ẹni tó ní irin lára ilẹ̀kùn ló wá di ẹni tí ọmọ mi fọkàn tán.

“Bàbá wọn,” ìyàwó mi ní, “lọ́ọ̀kì lẹ wá ń jowú báyìí?”

“Mi ò jowú. Ààbò ọmọ ni mò ń rò.”

“Ẹ lọ ra tiyín nígbà náà, kí ojú yín yéé pọ́n.”

Ní Sátidé, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkìrun, sí ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ń ta ìṣó àti páànù. Ó kọ́kọ́ gbé àgádágodo síwájú mi. Mo ní rárá. Àgádágodo dára fún ẹni tó ń jáde lọ. Olè tí yóò wá bá wa nílé ni mò ń bá ṣe. Ó wá kó lọ́ọ̀kì sórí tábìlì. Mo rí irú ti aládùúgbò wa láàárín wọn, mẹ́ta.

“Èyí ni wọ́n ń rà jù,” ó ní.

Mo fi kọ́kọ́rọ́ àkọ́kọ́ sínú ìkejì, ó ṣí i. Mo fi sínú ìkẹta, ó tún ṣí i.

“Ẹ̀yin bàbá yìí, ẹ ń dán kọ́kọ́rọ́ wò bí ẹni tó ń lọ fọ́lé!”

“Ìyá, ṣé bí gbogbo wọn ṣe rí nìyí?”

“Inú páálí kan náà ni wọ́n ti wá. Ta ló ń yẹ ìyẹn wò?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí yẹ̀ ẹ́ wò. Mo mú lọ́ọ̀kì kan tó wúwo, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ léyín púpọ̀, mo sì fi gbogbo kọ́kọ́rọ́ orí tábìlì gbìyànjú rẹ̀. Kò sí èyí tó ṣí i. Mo wọn gígùn ahọ́n rẹ̀. Mo béèrè ìṣó gígùn tí a ń yí wọlé, kì í ṣe èyí tí a ń gbá. Nígbà tí mo ṣe tán, mo tún mú ọ̀kan nínú irú ti aládùúgbò wa.

“Ilẹ̀kùn méjì lẹ ní ni?”

“Ọ̀kan ni. Kọ́kọ́rọ́ èyí nìkan ni mo fẹ́.”

Ó wò mí, ó gba owó rẹ̀.

Kí oòrùn tó wọ̀, káfíńtà ti kan tiwa mọ́ ilẹ̀kùn. Mo sọdá. Mo bẹ aládùúgbò wa pé kó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ láti inú, kó sì yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo dúró níta, mo ki kọ́kọ́rọ́ irú tirẹ̀ tí mo rà bọ̀ ọ́, mo yí i: kà, kà. Ilẹ̀kùn ṣí.

“Ẹ̀gbọ́n,” mo ní, “wọ́n ń ta kọ́kọ́rọ́ ilé yín lórí tábìlì ní Ìkìrun.”

Mo ń retí kí ojú tì í. Ó gba kọ́kọ́rọ́ náà, ó yí i wò, ó bú sẹ́rìn-ín títí tó fi ń wúkọ́.

“Àṣé Tíṣà lolè tí à ń wá! O ṣé gan-an. Bí o bá tún ń lọ, bá mi ra irú tìrẹ.”

Ìyàwó rẹ̀ jáde wá ṣàdúrà fún mi. Kò sí ibi tí mo lè sọ̀ owú mi kalẹ̀ sí mọ́. Mo kọjú sí ọmọ mi.

“Ká ẹní rẹ. Tiwa lágbára ju tibí lọ.”

Ó sá sẹ́yìn ìyàwó aládùúgbò. “Mi ò lọ, Bàbá.”

“Ṣebí o rí i pé ilẹ̀kùn ibí kò dára?”

“Kì í ṣe nítorí ilẹ̀kùn.”

“Nítorí kí ni?”

“Ẹ̀yin lẹ máa ń dìde. Tí mo bá ti ń sùn lọ, ẹ ó dìde, ẹ ó lọ máa mi ilẹ̀kùn wò. Tí mo bá gbọ́ ọ, màá rò pé olè ti dé. Bàbá ibí kì í dìde. Híhanrun ni wọ́n ń hanrun.”

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Aládùúgbò wa rọra sọ pé, “Tíṣà, fún un ní kọ́kọ́rọ́ tuntun ilé rẹ yẹn kó máa tọ́jú rẹ̀.”

Mo jowú ìmọ̀ràn náà pàápàá, nítorí pé ẹnu mi kọ́ ló ti jáde. Síbẹ̀ mo nawọ́ kọ́kọ́rọ́ sí ọmọ náà. Ó wò ó, ó wo ojú mi, ó lọ ká ẹní rẹ̀.

Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn wa lọ́jọ́ náà. Ó fà á wò lẹ́ẹ̀kan, ó fi kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. “Ẹ lọ sùn, Bàbá. Mo ti tì í.”

Mo dùbúlẹ̀. Ọwọ́ ń yún mi láti lọ mi ilẹ̀kùn wò, mo di ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mú. Mo ń gbọ́ tí aládùúgbò wa ń hanrun lódìkejì, mo sì ń jowú oorun rẹ̀, títí mo fi gbọ́ pé ọmọ mi náà ti ń mí bí ẹni tó ti sùn.